Fèrè Leeds Lójú Ọ̀nà Sakin

                                                            Ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin,
                                                            Plateau,
                                                            Savè,
                                                            Bẹ̀nẹ̀.
                                                            Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ayọ̀ọlá,

O kú òtútù, o kú iṣẹ́ òru, o kú àìrójú. Ṣé ara Edwige ìyàwó rẹ le? Ṣé àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé? Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́, èyí tó ń dùn ọ́ láti ìgbà tí o ti gbé bàbá àgbà yẹn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Mo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ Àìkú, mo bá wọn nídìí kajú tí wọ́n ń ṣà, ara wọn dá ṣáṣá. Wọ́n bi mí ìdí tí o kì í fi í pè wọ́n. Mo ní rẹ́só tó ń gbé ìpè fóònù ni kò dára. Ṣé o rí i, irọ́ kò ṣòro fún mi.

Mo ti gba ohùn sílẹ̀ fún ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí WhatsApp, mo sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí bí mo bá ti gbọ́ ohùn ara mi, ń ṣe ni mo máa ń gbọ́ bí mo ṣe ń gbèjà ara mi. Ni mo bá mú bírò. Bí mo bá kọ ọ́ tán, n ó ya fọ́tò ewé kọ̀ọ̀kan, n ó fi ránṣẹ́ kí n tó tún un kà, torí bí mo bá tún un kà, n kò ní fi ránṣẹ́ mọ́.

Èmi ni mo fà á tí ọkọ̀ aláìsàn fi já sí kòtò lọ́nà Sakin, tòun ti aboyún nínú. Ẹlòmíràn ni wọ́n sì fẹ́ lé níbi iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣe sùúrù, jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí.

O mọ bí iṣẹ́ tiwa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo sọ fún mi nípa mọ́ọ̀dù yẹn, àfikún tí àwọn kan ń ṣe sínú eré ọkọ̀ wíwà orí kọ̀ǹpútà, kí ọkọ̀ aláìsàn, ọlọ́pàá àti panápaná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe rí gan-an. Ìwọ tí ò ń wa ọkọ̀ aláìsàn ní Leeds, o mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Èmi tí mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Savè, tí n kò kàwé ré bákì, ìdánwò àṣejáde girama, kọjá, mo mọ bí a ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ. O ní ká jọ ṣe é. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Samiratou ìyàwó mi á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Bàbá Ẹniọlá, ta ló ń ṣàìsàn nínú eré yìí tí ẹ fi ń sáré tó báyìí?"

Àwọn ọkọ̀ tó kù lójú ọ̀nà ni iṣẹ́ tèmi, bí wọ́n á ti yà fún ọkọ̀ aláìsàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi hàn ọ́, o rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. O ní àwọn ọkọ̀ mi ń sá bí ewúrẹ́ tí wọ́n sọ lókùúta. O ní ará Leeds kì í sá. Á tan iná àmì, á rọra sún sí ẹ̀gbẹ́ òsì tí wọ́n ń rìn lọ́hùn-ún, á dúró jẹ́ẹ́. Mo ra fóláǹ oníke, èyí tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ inú eré, mo dè é mọ́ tábìlì. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi jókòó sídìí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Fèrè tí ìwọ fúnra rẹ gbà sílẹ̀ á ké lẹ́yìn mi, n ó tan iná òsì, n ó sún sí òsì, n ó dúró. Ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ẹgbẹ̀rún ìgbà. Títí ọjọ́ tí o fi sọ pé, "Ṣàfíù, ó ti dà bí Leeds gan-an." Ọjọ́ yẹn n kò lè jẹun fún ayọ̀.

O rántí ohun tí o sọ nípa fèrè yẹn. O ní níbi iṣẹ́ lo ti gbà á sílẹ̀, kí n má jẹ́ kó jáde kúrò nínú eré, pé ohùn tí ayé ń yà fún kì í ṣe ohun ìṣeré. Mo ní mo gbọ́. N kò gbọ́. Ní oṣù Kọkànlá, Parfait gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. O ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ bí ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, òun ló ń wa ọkọ̀ aláìsàn kan ṣoṣo tó wà ní kílíníìkì àdáni Dókítà Chimène. Fèrè ọkọ̀ náà ti yadi. Mo tún un ṣe, ṣùgbọ́n kàkà kí n dá ohùn tirẹ̀ padà sí i, ohùn Leeds ni mo fi sí i. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ìgbéraga ni. Mo fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi lójú títì.

Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú ti ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò á máa pariwo pé, "Ẹ yà o, ẹ yà o, ọkọ̀ Dókítà ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì! Ẹni tí kò bá gbọ́ gúdùmọ́nì, kó má ṣàìsàn o!" Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lónìí, mò ń ti Sakin bọ̀ níbi tí mo ti lọ tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe. O mọ ọ̀nà náà, ilẹ̀ pupa ni, ọyẹ́ sì ti fà á gbẹ. Eruku tí ọkọ̀ mi nìkan ń tú sẹ́yìn tó bo igi kajú mọ́lẹ̀. Mò ń ro oríta kan nínú eré wa, tí àwọn ọkọ̀ kò yéé kọlu ara wọn. Ni fèrè bá ké lẹ́yìn mi.

Ayọ̀ọlá, ọkàn mi balẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn títí di ìsinsìnyí. N kò jáyà rárá. Mo tan iná òsì. Mo rọra sún sí òsì. Mo dúró. Mo ń retí kó kọjá.

Kò kọjá. Apá òsì yẹn gan-an ni Parfait fẹ́ gbà yà mí sílẹ̀, bí gbogbo awakọ̀ ilẹ̀ wa ti ń ṣe. Nígbà tó bá mi níwájú rẹ̀, ó já ọkọ̀ sí ọ̀tún, ó bọ́ sí kòtò, imú ọkọ̀ gbá àpáta. Ọkọ̀ dúró, fèrè kò dúró. Ó ń ké nínú eruku níbi tí n kò ti rí ọwọ́ ara mi.

Mo sáré lọ. Orí Parfait ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń sọ ìsọkúsọ. Hélène, agbẹ̀bí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ń lu ilẹ̀kùn pé, "Ẹ ṣí i! Ẹ gbé e! Ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù!" Nafissatou lorúkọ obìnrin náà, ará Sakin, oyún àkọ́kọ́. Àwọn àgbẹ̀ sáré yọ láti oko kajú, a jọ gbé e sínú ọkọ̀ mi. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Bàbá, níbo lẹ ti yọ?" Ẹnu mi dáhùn kí n tó rò ó. Mo ní, "Mò ń ti Savè bọ̀ ni mo rí wọn, mo sì yí ọkọ̀ padà." Ohùn mi kò gbọ̀n.

Mo gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìyá yè, ọmọ yè, obìnrin ni. Wọ́n ní bí a bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Moussa ọkọ rẹ̀ dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ní Ọlọ́run ló rán mi. Ọjọ́ kejì ó gbé iṣu wá. Samiratou gún un, gbogbo ilé ń yìn mí, èmi ń gbé òkèlè mì bí ẹni ń gbé òkúta mì.

Ti Parfait wá kù. Dókítà Chimène ní eré àsápajúdé ló ń sá. Nígbà tí ojú Parfait wálẹ̀, ó ní rárá, ọkọ̀ kan wà níwájú òun, òun rí iná àmì rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú nínú eruku, kó tó dábùú òun. Ẹ̀rín ni wọ́n fi rín in. Dókítà ní, "Parfait, bí o bá máa purọ́, fi ohun tó ṣeé gbà gbọ́ sí i. Ta ló ń tan iná àmì lọ́nà Sakin?" Ó fún un di ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí kó mú ẹlẹ́rìí wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi kò tíì lo ogún ọjọ́ tó fi rẹ̀ mí. Ní Sátidé, mo lọ bá Dókítà, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí tàánú-tàánú. Ó ní, "Bàbá Ẹniọlá, èèyàn dáadáa ni yín. Ẹ gba aboyún là tán, ẹ tún fẹ́ gba dírẹ́bà là. Eré orí kọ̀ǹpútà wo ló lè yí ọwọ́ àgbàlagbà padà?"

Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe wà: inú mi dùn. Mo ti jẹ́wọ́, wọn ò gbà mí gbọ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ kí n ṣe? Mò ń jáde lọ, ni mo bá Parfait lórí bẹ́ǹṣì ẹnu géètì, aṣọ funfun lórí rẹ̀. Ó dìde fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ gbé obìnrin yẹn. Ẹ bá mi bo ìtìjú lọ́jọ́ náà." Mi ò mọ ọ̀nà tí mo gbà délé.

Ní àná, ọjọ́ Ajé, mo gbé kọ̀ǹpútà àti fóláǹ lọ sí ìpàdé wọn lórí ọ̀rọ̀ Parfait. Dókítà wà níbẹ̀, Hélène wà níbẹ̀, Moussa náà wá gẹ́gẹ́ bí ọkọ aláìsàn. Dókítà rí mi tí mò ń de fóláǹ mọ́ tábìlì rẹ̀, ó ní, "Ṣé ká ra bisikíìtì fún yín?" Mo kọjú sí Parfait, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níṣojú wọn, àti fèrè, àti irọ́ tí mo pa fún àwọn àgbẹ̀. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí wakọ̀, mo ní kí Hélène tẹ bọ́tìnnì fèrè nígbàkígbà tó bá wù ú.

Fèrè ké. Ọwọ́ mi lọ sí ọ̀tún.

Títí dòní n kò mọ̀ bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Dókítà pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ rí i bí? Ẹ lọ sinmi, Bàbá Ẹniọlá." Moussa mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ti tán. Tí mo bá dìde, ó ti tán pátápátá. N kò dìde. Má pè é ní ìgboyà; ọwọ́ mi ni kò kúrò lórí fóláǹ.

Parfait ló dìde. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa wà á lọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí bi mí léèrè bí ẹni tí a jọ ń lọ sọ́jà. Ẹniọlá ńkọ́? Ṣé ìṣirò ṣì ń dà á láàmú? Mo ní ó ti sàn, ó gba méjìlá nínú ogún, olùkọ́ tuntun tí wọ́n gbé wá láti Parakou ló...

N kò parí ọ̀rọ̀ náà. Mo kàn ń gbọ́ táka, táka, táka. Iná àmì òsì. Fèrè ti ń ké lẹ́yìn mi, ọwọ́ Parfait ló wà lórí bọ́tìnnì dípò ti Hélène, ọkọ̀ inú eré sì ti dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ọ̀rọ̀ nípa ọmọ mi ṣì wà lẹ́nu mi.

Parfait ní, "Iná tí mo rí nìyẹn." Ìyẹn nìkan. Dókítà jókòó. Moussa gbé fìlà rẹ̀, ó wò mí títí, ó jáde láìkí mi.

Wọ́n ti dá Parfait padà sẹ́nu iṣẹ́. Dókítà bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wa. Nígbà tí a jáde, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá jù. Kò ní kí n dìde. Ó ní, "Ẹ bá mi yọ ohùn yẹn kúrò nínú ọkọ̀." Mo yọ ọ́ láàárọ̀ òní. Kí wọ́n tó rí òmíràn láti Cotonou, ọwọ́ lára họ́ọ̀nù ni yóò fi máa gbé aláìsàn. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tèmi wà lọ́wọ́ Samiratou. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn.

Dókítà sì ti kọ̀wé sí àwọn ọlọ́pàá, mo ní ó tọ́. Ọ̀la ni wọ́n pè mí. Wọ́n á bi mí níbi tí mo ti rí fèrè náà. Gbogbo òní ni mo fi ń wá bí n ó ṣe yọ orúkọ rẹ kúrò níbẹ̀, mo sì rí ọ̀nà mẹ́ta tó dára, irọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N ó dárúkọ rẹ. N ó sọ pé o kìlọ̀ fún mi, pé mo ṣèlérí, pé èmi ni mo dalẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ lè fara gbá a. Bí o bá ní láti sọ fún ọ̀gá rẹ, sọ ọ́ lónìí, kó tó ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn gbọ́, kó má baà dà bí pé ìwọ náà ń fi nǹkan pamọ́.

Ní ti mọ́ọ̀dù wa, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ kó jáde. Bí o bá ṣì fẹ́ kó jáde, kọ ìkìlọ̀ sí iwájú rẹ̀ fún àwa tí à ń rìn lápá ọ̀tún. Ìwọ ni kí o kọ ọ́. Bí èmi bá kọ ọ́, n ó ṣe é lẹ́wà jù.

Bá mi kí Edwige. Bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí. Má tíì sọ fún ìyá rẹ. Lẹ́yìn ọ̀la, èmi fúnra mi yóò lọ jókòó tì wọ́n nídìí kajú, n ó sọ ọ́.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì gbà mí bẹ́ẹ̀,

Ṣàfíù.