Ihò tí Àwọn Ẹ̀ṣọ́ inú Ẹ̀jẹ̀ Ń Lu

Araromi-Obu,
Odigbo.

Ọláwùnmí, ọmọ ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ẹ̀kọ́ rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró. Ara tèmi náà le, orókún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

Mo ka lẹ́tà rẹ fúnra mi lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn pé ọmọ tí mo pọ̀n ló ń kọ́ mi ní ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. O ní àwọn èròjà kéékèèké kan ń ṣọ́ ara. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọ́n á so kọ́ra wọn lára rẹ̀ bí òrùka, wọ́n á sì lu awọ rẹ̀ jálẹ̀. Omi á gba ihò náà wọlé, kòkòrò á wú bí ẹ̀wà tí a rẹ, á sì bẹ́. O ní ọ̀kan nínú àwọn èròjà yìí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ Ìdáraolúwa, ọmọ Bándélé àbúrò ìyá rẹ. Òrùka náà kì í pé, ihò kì í lu. Ìdí nìyẹn tí lọ́rùnlọ́rùn, ibà tó ń mú ọrùn gan, fi mú un lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí fún Inúmidùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí àrùn kan náà pa.

Ibi tí o kọ ọ́ sí pé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni irú àbùkù bẹ́ẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ ni mo gbé ìwé náà sílẹ̀. O lè má tíì gbọ́ ohun tí mo ṣe. Lẹ́yìn tí a sin Inúmidùn, níbi tí a ti ń sá kòkó, lójú gbogbo ará oko, mo sọ fún Sàádátù ìyàwó Bándélé pé, "Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ lókè Ọya ni àrùn yìí ti bá ọ wá. Ìwọ lo pa ọmọ mi." Ago Alaye, ní Odigbo wa níbí, ni wọ́n bí i sí, kò dé òkè Ọya rí. Nígbà tí ara Ìdáraolúwa yá lọ́dún yìí, Sàádátù gbé e lọ sílé bàbá tó bí òun. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gun ọ̀kadà lọ bá a. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó di apá mi mú. Ó ní, "Màmá, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Orí ìdúró ni ẹ wà nígbà tí ẹ sọ ọ́. Ẹ dúró náà, kí ẹ sọ èyí níbi tí ẹ ti sọ tọ̀hún." Sùlèímọ̀n bàbá rẹ̀ ní, "Ìyá, ó ti wí tẹnu rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí àwọn tó ń yí kòkó dáwọ́ dúró. Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọlọ́mọ, pé àbùkù inú ẹ̀jẹ̀ ni, ìdílé wa sì ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Bándélé, ìwé ti ń gùn yín." Mo ní ó ń gùn mí, kí wọ́n gbọ́ síbẹ̀.

Sàádátù dúró lẹ́yìn wọn, ó pọn ọmọ. Kò kí mi. Ó fi káàdì ilé ìwòsàn ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ẹ kà á sí mi létí." Mo ka ohun tí nọ́ọ̀sì fi Yorùbá kọ sẹ́yìn rẹ̀: ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, bí ibà bá ti bẹ̀rẹ̀, ká gbé e wá lójú ẹsẹ̀, ká má fi dọ̀la. Ó ní, "Ó dáa. Mo ń lọ sóko. Ẹ bá mi mú un." Ọmọ náà sùn lẹ́sẹ̀ mi títí ìyá rẹ̀ fi dé. Àìmọye ìgbà ni mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ọgbọ́n orí rẹ gbẹ. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, kí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. O kò ní fi ojú sunkún wa.

Èmi ni ìyá tó bí ìyá rẹ,
Bọ́látitó.

Àfikún: Nígbà tí o bá ń bọ̀, bá mi wádìí bí wọ́n ṣe lè yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi náà wò. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni Bándélé ti gbà á, mo fẹ́ kí Sàádátù gbọ́ ọ lẹ́nu mi.