Àdá Tí Kò Dípẹtà

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, Òrè

Ọ̀la la ó gbé àdá tí wọ́n ní bàbá kan fi ṣá aládùúgbò rẹ̀ l'Ajue lọ sí kóòtù. Ó ti lo ọdún kan ní yàrá tí a ń kó ẹ̀rí sí ní àgọ́ ọlọ́pàá wa, síbẹ̀ ó ń dán! Mo gbóòórùn rẹ̀. Epo pupa.

Èmi àti Kọ́púrà Bọ́sẹ̀ nìkan la ní kọ́kọ́rọ́. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Mo bi í bóyá òun ló fi epo pa á; kò tiẹ̀ jiyàn.

"Ọ̀gá, ṣé kó dípẹtà kí olóko tó gbà á padà ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ni mo ti kọ́kọ́ fi epo pa á. Mi ò rí ẹ̀jẹ̀ kankan."

Mo ṣí ìwé tí a ń kọ ẹ̀rí sí wò, ojú ewé ọjọ́ tí àdá náà dé: "Àdá kan, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀." Ìkọ̀wé tèmi ni.

Ṣé mo rí i lóòótọ́ ni, àbí ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo kọ?