Mo Gbé Olùkọ́ Rẹ Jókòó Sórí Àga Bàbá Rẹ

Akọ̀wé Kékeré, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìjókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ yẹn ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí lọ́jọ́ tí mo bí ọ kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ọ lọ́wọ́. Bí o bá béèrè èmi, mo wà, orúnkún mi nìkan ló ń dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò fi òróró sí. Ṣọ́ọ̀bù wà níbi tí o fi í sí. Ìṣó ń tà, àgádágodo kò tà, ìyẹn ni pé àwọn ènìyàn ń kọ́lé ṣùgbọ́n wọn kò tíì ní ohun tí wọ́n máa tì mọ́nú rẹ̀.

Owó tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá dé. Báńkì ló kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù mi láti sọ fún mi, mo sì dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ yín, ẹ bá mi kí àwọn ará ilé. Wọn kò fèsì. Mo tún un kọ, bóyá ẹni tó gba ti àkọ́kọ́ ti jáde lọ jẹun, síbẹ̀ wọn kò fèsì. N kò bínú, ṣùgbọ́n a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí ọjà. Ẹni tó kí ọ lónìí lè ra nǹkan lọ́la.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún mi pé wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì lọ́wọ́ rẹ, pé ìwé girama tí o gbà àti iṣẹ́ tí o ti ń ṣe nínú ìjọ láti kékeré tó wọn, bí ẹni tó mọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ bá ti lè jẹ́rìí sí i, inú mi kò dùn. Ìṣó ni mò ń tà. Ìṣó tí wọ́n bá tà fún ọ ní ọ̀pọ̀, bí o bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó ti tẹ̀ nìyẹn. Mo bi ara mi pé irú ilé ẹ̀kọ́ wo ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò ní ìwé ńlá? Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì ilé wa tún wá da epo sí i, ó ní wọ́n á gba owó ọmọ mi tán, wọ́n á ní kó máa lọ gbàdúrà. Mo ní kó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ mọ sórí búrẹ́dì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára.

Èyí tó jù níbẹ̀ ni pé mo ti bá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn gbélé rí. Bàbá rẹ ló ń lu agogo ìjọ, débi pé ènìyàn gbàgbé orúkọ wọn, Bàbá Agogo ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Bí pásítọ̀ kò bá wá, àwọn ló ń ka Bíbélì, àwọn ló ń sìnkú, àwọn ló ń parí ìjà tọkọtaya, ẹ ṣeun ni wọ́n sì ń gbé bọ̀ wálé. Ẹ ṣeun kì í kún ìkòkò. Nítorí náà mo ti pinnu rẹ̀ sínú ara mi pé bí olùkọ́ yín bá pè mí lórí fóònù láti gba ẹ̀rí mi, màá sọ fún un pé o kò ní sùúrù, kí wọ́n jẹ́ kí o jókòó ti ẹ̀rọ rẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé tí o ní kí n dúró de ìpè rẹ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbálẹ̀, mo wọ aṣọ ìsìn mi. Ìyá Oníbúrẹ́dì wá bá mi tẹ ibi tó ní àwọ̀ ewé, nítorí ibi pupa ni ìka mi máa ń lọ. Bí ó ti tẹ̀ ẹ́, obìnrin kan yọjú nínú fóònù, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ojú rẹ̀ jọ ti ọmọ tí mo lè bí, nítorí náà mi ò ní máa pè é ní wọ́n nínú ìwé yìí, má sọ fún un. Lójú rẹ̀, ẹ ni mo ń sọ.

Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ lórí ìdúró. Mo gbé e lọ sórí àga bàbá rẹ, àga onígi yẹn tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí láti ìgbà tí wọ́n ti fi ayé sílẹ̀. Mo fi tìmùtìmù sí i, mo tẹ́ ẹ lé e jẹ́jẹ́ kí ó fẹ̀yìn tì, mo bu omi tútù síwájú rẹ̀, èmi náà wá fi àpótí ìdáná jókòó. Ó ní òun kò rí mi mọ́. Mo ní kò séwu, ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, ojú rẹ̀ kì í tètè mọ́lẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì fẹ́ gbé e dìde, mo gbá a lọ́wọ́.

Olùkọ́ náà wá béèrè pé ìgbà wo ni mo kọ́kọ́ rí i pé iṣẹ́ yìí wà lára rẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́, pé o kò ní sùúrù, ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n àga yẹn ni mò ń wò, ọ̀rọ̀ mi sì gba ibòmíràn lọ. Mo rántí ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí bàbá rẹ máa ń jókòó síbẹ̀ ka ohun tí wọ́n máa kà lọ́jọ́ kejì, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ìwọ á fi ìka kékeré rẹ tẹ ojú ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ṣí i. Bí wọ́n bá fo ìlà kan, wàá tọ́ka sí i láìsọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Akọ̀wé Kékeré ti mú àwọn. Mo rántí ìgbà tí ìyàwó káfíńtà pàdánù ọmọ rẹ̀, tí ibà dá bàbá rẹ dùbúlẹ̀. Ìwọ lo lọ. O kò wàásù, o kàn fọ àwo tó wà nílẹ̀, o sì jókòó tì í. Obìnrin yẹn sọ fún mi pé nínú gbogbo ẹni tó wá, ìwọ nìkan ni kò bi òun bó ṣe ṣẹlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún olùkọ́ náà.

Ó wá béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni nílé wa ti lọ sí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tí n kò sọ fún ìwọ gan-an rí ni mo sọ fún un. Kí n tó bí ọ, bàbá rẹ di ẹrù sínú àpótí, èmi ni mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ẹ̀wù funfun méjì, èmi ni mo fi okùn ti ṣọ́ọ̀bù di àpótí náà. Wọ́n wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn, ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́fà ni bàbá rẹ mú jáde, àwọn ọ̀gá náà ní kí wọ́n lọ mú èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ wá. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n padà dé. Mo wo okùn náà, kókó tí mo ta ṣì wà bí mo ṣe ta á. Wọ́n ti àpótí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì jáde lọ lu agogo, nítorí àkókò agogo ti tó. Ó dún bí ó ṣe máa ń dún.

Olùkọ́ náà ní nítorí irú wọn gan-an ni àwọn ṣe ṣí ilẹ̀kùn mìíràn, ṣùgbọ́n pé kí n má rò pé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà fúyẹ́, ìdánwò wà, ìwọ á sì kọ́ èdè Gíríìkì. Mo béèrè pé ta lo máa bá sọ ọ́. Ó ní Pọ́ọ̀lù. Mo ní ó dára. Ó béèrè èyí tó kẹ́yìn, pé kí àwọn gbà ọ́ àbí kí àwọn má gbà ọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ mi ti sọnù. Mo ní ìṣó ni mò ń tà, n kì í wo ìwé tí wọ́n fi pọ́n ọn, kí wọ́n lù ú wò.

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rọra sọ pé Màmá, òrùlé yín ń jò o, gẹ́lẹ́ lókè àga tí òun wà yìí. Mo gbójú sókè, òótọ́ ni, n kò tiẹ̀ mọ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ òrùlé nìkan ni obìnrin náà ń rí. N kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Èmi ronú pé ẹni tó wọ ilé onílé tó jẹ́ ibi tó ń jò ló kọ́kọ́ rí, pásítọ̀ nìyẹn. Níbẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ yín.

Lọ́jọ́ Ajé tí o pè pé wọ́n ti gbà ọ́, tí n kò fọhùn, tí mo wá sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Mo ti fa àpótí náà jáde. Kòkòrò ti jẹ ẹ̀wù kan, èkejì ṣì dára, bí o bá dé ilé ẹ̀kọ́, gé e kó bá ọ mu, ìwọ ni aránṣọ. Mo fi àgádágodo tuntun sí i láti inú èyí tí kò tà. Orúkọ bàbá rẹ ṣì wà lójú àpótí náà pẹ̀lú ọ̀dà funfun, má kun nǹkan lé e. Awakọ̀ á gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ ni kí o sanwó rẹ̀, bí mo bá san án níhìn-ín, kò ní rọra gbé e. Kí o sì fi owó páànù ránṣẹ́, olùkọ́ rẹ ní òun á tún pè mí, n kò sì lè gbé àlejò sí ibi tí òjò ti máa pa á.

Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún ọ, ẹnikẹ́ni kò ní tì í mọ́ ọ. Ìwọ kò ní ru ẹrù lọ kí o tún rù ú bọ̀. Àmín.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Mo tún rántí. Okùn àtijọ́ náà ni mo fi dì í, kókó àtijọ́ náà ni mo ta. Bí o bá dé yàrá tí wọ́n fún ọ, má fi ọ̀bẹ gé e, fi ọwọ́ tú u. Kí o ká okùn náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi, kí n lè fi ojú ara mi rí i pé wọ́n tú u níbẹ̀.