Èmi Tíṣà Ni Mo Ní Kí Háwá Má Wá Síléèwé Mọ́

Admin, ẹ bá mi bo orúkọ mi o, torí ìlú wa ò tóbi, ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ mí. Èmi ni mo sọ fún ọmọ kíláàsì mi pé kó má wá síléèwé mọ́. Èmi tíṣà, tí ìjọba ń sanwó fún pé kí n máa kọ́ ọmọ gbogbo ayé láìyọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín dé ìdí, orí mi ti fẹ́ dàrú, mi ò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún nínú ilé tí mo wà yìí.

Apá Ìgànná ni ìlú wa wà. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò ní ọgbà, kò ní géètì, ẹni tó ń lọ sóko, ẹni tó ń tọjà bọ̀, àárín pápá wa ni wọ́n ń gbà kọjá. Gáà àwọn Fúlàní kan wà ní òdìkejì odò, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi wálé ọkọ. Àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ Yorùbá ju ọmọ wa míì tó wà n'Ìbàdàn lọ. Ìyá Háwá ló ń ta wàrà fún gbogbo àdúgbò wa. Ọkọ mi gan-an, bí kò bá rí wàrà nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, á ní oúnjẹ ò tíì pé. Háwá wà ní kíláàsì mi, orí bẹ́ǹṣì kan náà lòun àti Bàsírà ọmọ mi jọ ń jókòó (mo ti yí orúkọ wọn padà o). Háwá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá bú sẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì á bá a rín in láìmọ ìdí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá àbúrò ọkọ mi lọ́nà oko. Wọ́n ṣá a ládàá lápá, wọ́n gba ọ̀kadà rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ sínú igbó... títí dòní kò lè gbé apá yẹn sókè. Ó ní wọ́n bojú, òun ò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n Fúlàní ni wọ́n ń sọ síra wọn. Ó tán. Kò sẹ́ni tó béèrè pé Fúlàní wo. Bàbá Háwá wá kí wa kú ewu, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ fìlà, ọkọ mi ò dá a lóhùn, ó kàn ń wolẹ̀ títí ọkùnrin náà fi yí padà. Mi ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ sí àlejò rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Ìyá Háwá gbé wàrà wá lọ́jọ́ kejì, bó ṣe gbé e wá náà ló ṣe gbé e padà.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń yí níléèwé, díẹ̀díẹ̀... Àwọn ọmọ ò bá àwọn ọmọ gáà fi ife kan náà mumi mọ́. Àwọn ìyá ń wá bá mi, wọ́n ní kí n má fi ọmọ àwọn jókòó ti ọmọ Bororo. Mo ní iléèwé ìjọba ni, gbogbo wa la ni ín. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n dúró wò ó. Ọ̀gá iléèwé wa pe mítíǹ PTA, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní ọmọdé kì í jagun. Ọkọ mi ló dìde, òun ni alága àwọn òbí. Ó ní, "Ọ̀gá, a ti gbọ́ tiyín. Àwa la mọ bá a ṣe máa dáàbò bo ọmọ wa." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ariwo sọ. Òbí kankan láti gáà ò sí níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé mítíǹ wà. Ṣé mo dìde sọ̀rọ̀? Rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo dé kíláàsì, mo rí i pé ẹnì kan ti fi èédú kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: Ẹ KÚRÒ. Mo fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ kí àwọn ọmọ tó dé. Nígbà tó yá ó tún wà níbẹ̀, ó sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ọmọ gáà yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò dágbére fẹ́nì kankan. Ó wá ku Háwá nìkan.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n kírun tán, ọkọ mi àtàwọn ọkùnrin méjì jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa. Èmi ń sá èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní bí èyí tó kù yìí bá ṣì ń wá, àwọn tó lọ á padà. Èkejì ní ọ̀nà odò dára, igbó ibẹ̀ ti kún. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dáwọ́ dúró, mo ń retí kí ọkọ mi sọ pé rárá, kí ló dé, ọmọdé mà ni... Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó pọ̀ o. Kẹ́rù ṣáà bà á." Báwo ni wọ́n ṣe ń dẹ́rù ba ọmọ nínú igbó tí kò ní pọ̀? Ta ló máa dúró níbẹ̀ tí á sọ pé ó tó?

Lọ́jọ́ Ajé, mo pe Háwá sẹ́yìn kíláàsì, mo ní kó má wá mọ́, pé mo máa ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ tí àkókò bá tó. Ó wò mí. Ó ní, "Tíṣà, kí ni mo ṣe?" Mo ní kó padà síbi ìjókòó rẹ̀. Nígbà tá a jáde, mo sìn ín dé etí odò fúnra mi. Lábẹ́ igi kan lójú ọ̀nà yẹn, mo rí ọ̀kadà tí wọ́n fi ewé bò. Mi ò rí èèyàn, ṣùgbọ́n ooru ṣì ń jáde lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo ń kọrin sókè, mi ò tiẹ̀ rántí orin tí mo kọ. Kí n tó délé, ọkọ mi ti gbọ́. Ó ní, "Ìyá Bàsírà, wọ́n ní o ti di ẹ̀ṣọ́ ọmọ Fúlàní." Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń dáhùn tí mo bá kí i, kò sọ nǹkan míì.

Mo sọ ìdajì rẹ̀ fún ọ̀gá wa. Ó ní kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni sí òun létí, pé òun ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí, Ìyá Háwá wá bá mi níléèwé. Ó ní aṣọ iléèwé lọmọ náà máa ń wọ̀ tílẹ̀ bá ti mọ́, á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, ṣé àkókò ti tó?" Mi ò lè sọ òótọ́ fún un. Ọkọ tiẹ̀ náà ní àdá, ó ní àwọn àbúrò ọkùnrin, tí mo bá là á mọ́lẹ̀, ilé mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Mo ń kólòlò... mo ní a máa wò ó, Ọlọ́run á ṣe é... Ó rò pé mo ti gbà. Ó ní Ọlọ́run á bù kún mi, pé tó bá di ọjọ́ Ajé Háwá á padà. Ó gbé igbá rẹ̀ rù, ó lọ. Kí ló dé tí mi ò sáré tẹ̀ lé e?

Bàsírà ti gbọ́ ohun tí Ìyá Háwá sọ níléèwé. Lónìí ọjọ́ Àìkú, a ń jẹun ọ̀sán, inú ọmọ dùn, ó ní, "Bàbá, Háwá ń bọ̀ níléèwé lọ́la!" Ọwọ́ ọkọ mi dúró nínú àwo. Ó bi í pé ṣé lóòótọ́ ni, ṣé àárọ̀ ni. Bàsírà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọwọ́, ó mú fìlà, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ jáde, oúnjẹ ò tán. Mò ń pè é láti ìgbà náà, fóònù rẹ̀ ò wọlé. Bá a ṣe ń palẹ̀ àwo mọ́, ọmọ mi wá sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun máa tètè jí lọ́la, òun máa lọ dúró de Háwá lọ́nà odò, kí àwọn lè jọ rìn wọlé.

Tèmi, mo lè tì í mọ́lé. Ọmọ oníwàrà ńkọ́? Ṣé kí n gba gáà lọ nísinsìnyí, kí ìjà ńlá bẹ́? Ṣé kí n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí n fẹnu ara mi dárúkọ bàbá ọmọ mi? Àbí kí n dúró dè é, kí n sọ fún un pé Bàsírà náà ń gba ọ̀nà yẹn lọ... tí kò bá wálé sùn ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ níléèwé, oòrùn ti ń wọ̀, mo ti wé gèlè, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ibi tí mo máa yà sí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá?