Ẹ̀rọ Agékoríko Tó Bá Katakata Wa Mu

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo sì kí ọ kú ìfaradà ariwo ìlú ńlá tí ẹ̀ ń gbé. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn níbẹ̀? Ìyá rẹ ní kí n béèrè bóyá o ń jẹun lásìkò. Mo sọ fún un pé ẹni tó ra odidi katakata fún bàbá rẹ̀ kò lè máa febi pa ara rẹ̀, àmọ́ ó ní kí n ṣáà béèrè. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa nílé yóò máa ṣọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá rẹ kò ní fojú burúkú wò ọ́, àtẹ̀gùn ilé gíga yín kò sì ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Gbogbo wa ń bẹ láyọ̀, a tiẹ̀ ti pọ̀ sí i, bí o ṣe máa kà á níwájú, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ agékoríko tí a máa so mọ́ ẹ̀yìn katakata, torí òun lo bi mí.

O ní kí n lọ sórí fóònù, kí n kọ ìwọ̀n ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sínú fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́. Mo ṣe é, àmọ́ fọ́ọ̀mù yẹn kò níwà. Ó ní kí n kọ ìwọ̀n, mo kọ ìwọ̀n ṣòkòtò mi síbẹ̀, torí mo rò pé ẹni tó máa jókòó wa katakata ni wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe tóbi tó, ni ó bá fi lẹ́tà pupa dá mi lóhùn pé kò yé òun. Mo fara dà á. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi hàn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Èmi tí mo bí ọ. Ó kó àwòrán jáde, ó ní kí n tọ́ka sí èyí tó ní bọ́ọ̀sì nínú, mo sì tọ́ka sí gbogbo rẹ̀, torí ibi tí kò bá ti sí bọ́ọ̀sì lónìí, bọ́ọ̀sì lè kọjá níbẹ̀ lọ́la. Ó ní mo kùnà. Mo pa fóònù, mo wọ bàtà òjò mi, mo sì gba ọ̀dọ̀ jórinjórin tó wà ní oríta lọ, torí òun máa ń wo ojú mi kó tó dá mi lóhùn.

Kò sí àyè láti máa dúró ni. Ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ilé wa lọ sí ilé ìwòsàn ti di igbó. Koríko ibẹ̀ ga dé ejìká mi, ọkọ̀ kankan kò lè gbà á mọ́, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá. Oyún ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin sì ti wọ oṣù ìbímọ, ọ̀dọ̀ wa ló wà nítorí pé ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jìnnà. Níbi ìpàdé àdúgbò, mo dìde láàárín gbogbo èèyàn, mo ní kí wọ́n fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún èmi àti katakata tí ọmọ mi rà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyá rẹ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi gé e.

Ẹ̀rọ méjì tó fi ń yáni ló wà ní ṣọ́ọ̀bù jórinjórin. Ìbú ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó tẹ́ rẹrẹ bíi bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya, ọ̀dà pupa rẹ̀ sì ń dán. Èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó wà ní kọ̀rọ̀ lábẹ́ páànù àlòkù, adìyẹ ti yé sí abẹ́ rẹ̀. Jórinjórin ní ti kékeré ni kí n gbé. Ó ní ọ̀bẹ kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà tó ń yí bíi fáànù òkè àjà, irin tó ń yí lẹ́yìn katakata ló ń yí i, ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ agbára ẹṣin márùn-ún. Mo ní ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú katakata mi, ìwé rẹ̀ wà nílé. Ó ní òótọ́ ni, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú ẹ́ńjìnnì, àmọ́ ogún péré ló ń dé ẹ̀yìn níbi tí irin yẹn wà. Mo bi í pé márùn-ún yòókù ńkọ́. Ó ní ọ̀nà ni wọ́n ń ṣòfò sí. Ọmọ mi, mi ò fẹ́ ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́, àmọ́ bá mi bi dírẹ́bà tó gbé katakata yìí wá dáadáa, torí òun nìkan ló dá wà pẹ̀lú rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Mo sọ fún jórinjórin pé ti ńlá ni màá gbé. Mo ní mi ò lè máa fi ẹ̀rọ tí adìyẹ yé sí gé koríko lójú gbogbo àdúgbò, àti pé bó bá jẹ́ ogún ẹṣin ló kù, kí ogún náà tẹra mọ́ṣẹ́. Mo tún bi í pé bàtà ta ni wọ́n fi wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà yẹn. Mo fi bàtà òjò tèmi wọ̀n ọ́n, kò pé mẹ́fà, èyí tó fi hàn mí pé ẹ̀rọ náà kò tóbi tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Jórinjórin ní òun ti sọ tẹnu òun, ó sì yá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a so ó mọ́ katakata. Bí mo ṣe gbé e sókè báyìí, imú katakata kúrò nílẹ̀, táyà iwájú méjèèjì ń wo ojú ọ̀run, èmi náà ń wò ó. Jórinjórin àti ìyá rẹ di iwájú mú títí ó fi balẹ̀. Mo ní ara ló ń ta á. A wọ ọ̀nà. Bí ọ̀bẹ ṣe kan koríko tútù, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, èéfín dúdú ń yọ, ó rìn díẹ̀, ó kú. Mo tún un tàn, ó tún kú. Nígbà tí mo tún máa gbìyànjú, etí ẹ̀rọ tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà lọ há sára kùkùté tí mi ò rí. Katakata yí ìdí, ó dábùú ọ̀nà, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ ṣì ń rí gbà tẹ́lẹ̀, mo ti dí i pa.

Ibẹ̀ la wà tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó di ilẹ̀kùn mú, ó rọra ní òun rò pé ó ti tó àkókò. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìyá rẹ kò sọ pé òun ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n tú ẹ̀rọ yẹn kúrò kíá, kí n sì dákẹ́. Jórinjórin fi òòlù lu píìnì irin tó dè é mọ́ katakata títí ó fi yọ, bí ẹ̀rọ sì ṣe já sílẹ̀ ni ara katakata fúyẹ́. A so kẹ̀kẹ́ ẹrù tí a fi ń kó igi mọ́ ọn, a tẹ́ tìmùtìmù sínú rẹ̀, ìyá rẹ gbé ẹ̀gbọ́n rẹ sí àyà, mo sì fi jíà àkọ́kọ́ wà wọ́n lọ. Táyà ń tẹ koríko mọ́lẹ̀ bí ẹní. Jórinjórin ń lọ níwájú, ó ń fi igi wá kùkùté fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń kígbe lẹ́yìn, mi ò bojú wẹ̀yìn, mo ń pe gbogbo orúkọ Ọlọ́run tí mo mọ̀. Nọ́ọ̀sì ti gbọ́ ohùn katakata, ó ti dúró dè wá pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Wọ́n gbé e wọlé, èmi jókòó sórí táyà, n kò tíì nu òógùn ojú mi tán tí mo fi gbọ́ igbe ọmọ. Obìnrin ni. Ó pupa, ó ń bínú, ó dára gan-an. Ara ìyá rẹ̀ náà le. Nọ́ọ̀sì sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún mi ní kílò, mo bi í pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó nìyẹn, ó ní kí n lọ sinmi.

Nígbà tí a padà délé, ìyá rẹ tú okùn tí a ń sá aṣọ sí. Ó nà án láti etí òde táyà ẹ̀yìn kan dé etí òde èkejì, ó ta kókó síbẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó nà án lórí ẹ̀rọ kékeré, ẹ̀rọ náà fi ìbú ọwọ́ ju kókó lọ. Ó ní ohun tí òun ń wá nìyẹn, kí ẹ̀rọ gé gbogbo ibi tí táyà méjèèjì bá tẹ̀, kó má sì yọ etí síta láti máa wá kùkùté kiri. Jórinjórin ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ogún ẹṣin, ó pé géérégé. Mo ní ohun tí mo ti ń rò láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kó ẹyin adìyẹ kúrò, a so ẹ̀rọ, imú katakata kò sì mira. Ó gé koríko bí ìgbà tí onígbàjámọ̀ bá ń fá orí. Kí oòrùn tó mú, a ti gé e lọ dé ilé ìwòsàn, a sì ti gé e bọ̀. Etí ẹ̀rọ ńlá tó ká, jórinjórin ti tún un jó, ó ní ẹ̀bùn ọmọ tuntun ni.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni kí o rà. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun fẹ́ dín owó ti mẹ́fà kù fún ọ, má dá a lóhùn, sọ fún un pé bàbá rẹ mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí dáadáa, ó sì lè pè mí tí ohunkóhun bá rú u lójú. Jọ̀wọ́, fi owó epo dísù díẹ̀ kún un, torí àwọn ará àdúgbò ti ń wá bá mi fún oko tiwọn, kí o sì fi owó aṣọ òtútù ọmọ kún un. Ìyá rẹ ní ti ọmọ ló yẹ kí n kọ́kọ́ kọ, àmọ́ mo ti kọ ti epo kó tó dé ẹ̀yìn mi.

Jẹ́ kí n dúró níbí. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá wo ọmọ láàárọ̀ yìí, mo sì ń gbọ́ alùpùpù rẹ̀ láti òkèèrè, ó ń bọ̀ gbuurugbu lójú ọ̀nà, kò dúró níbì kankan. Ìyá rẹ ti gbé ọmọ síta. Kí ayé rẹ tutù, kí ọwọ́ rẹ ròkè, kí àwa náà gbọ́ ohùn rẹ lẹ́nu ọ̀nà yìí láìpẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ti di bàbá àgbà báyìí.