Bí Bàbá Rẹ Ṣe Ń Wọ Déélì Rẹ̀

Ganzorig, ọmọ mi,

Òtútù ìlú ńlá ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí ibi tí o ń sùn gbóná, kí o sì máa jẹun yó. Àwa náà ń bẹ. Àwọn àgùntàn ṣì ń rí koríko díẹ̀ họ jáde lábẹ́ yìnyín. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ rárá lórí bàbá rẹ, n ò sì rí ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọ ẹ̀wù déélì onírun àgùntàn rẹ̀ sódì jáde nínú àgọ́. Apá òsì ló yẹ kó bo apá ọ̀tún, ìwọ náà mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó yí i padà, àwọn bọ́tìnì ń rọ̀ dirodiro, ó wá so ọ̀já mọ́ ọn gbọingbọin bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Norov aládùúgbò wa, o ṣáà mọ ẹnu ẹ̀, pariwo látorí ẹṣin pé, "Luvsan, ṣé ọ̀run lò ń múra ẹ̀ ni? Òkú là ń wọ̀ ọ́ fún báyẹn!" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é. Ó tún gbé fìlà onírun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹnu ẹ̀ wòkè, èèwọ̀ gbáà. Bàbá rẹ kan náà tó nà ọ́ lọ́jọ́ tí o ré fìlà rẹ̀ kọjá! Mo rọra gbé e kọ́ sókè. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé, ẹni tí kò rántí ibi tí fìlà ń gbé mọ́, ṣé á rántí ọ̀nà ilé bí yìnyín bá bo ojú ọ̀nà? Òun nìkan ló sì ń da ẹran lọ. Mo ní kí n máa bá a lọ, ó ní, "Ìyá Ganzorig, ṣé mo ti di ọmọ àgùntàn tí wọ́n ń dà kiri ni?" Mo bá rán aṣọ pupa mọ́ orí fìlà rẹ̀ kí n lè máa rí i lókèèrè. Mo parọ́ fún un pé ẹ̀ṣọ́ ọdún ni.

Àárọ̀ àná ni mo tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. À ń múra, ààrò wà láàárín wa, a kọjú síra. Mo rí i tó tẹjú mọ́ mi. Mo fa etí déélì mi, ó fa tirẹ̀. Mo dúró, òun náà dúró. Háà, ọmọ mi, èmi ló ń wò ṣe! Ó ti gbàgbé, ojú sì ń tì í láti béèrè. Bí a sì ṣe dojú kọra yẹn, ọ̀tún mi ló ń bọ́ sí òsì rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo ní èéfín ni.

Jọ̀ọ́, wá sílé kí àjọ̀dún Oṣù Funfun tó wọlé, kí àlejò tó kún ilé, kó o lè máa bá a da ẹran. Má sọ pé mo kọ̀wé o. Sọ pé àárò tíì oníyọ̀ mi ló sọ ọ́.

Kí Ọ̀run Ayérayé ṣọ́ ọ bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, yìnyín ò ní dí ọ lọ́nà.

Èmi ni ìyá rẹ tí oorun ò kùn mọ́,
Dulmaa

Mo tún rántí: láàárọ̀ yìí, mo kẹ̀yìn sí i kí n tó wọ déélì mi, mo sì rọra ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo yíjú padà, tirẹ̀ gún régé, inú rẹ̀ sì ń dùn. Bí ìwọ náà bá dé, má dojú kọ ọ́ múra. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó o dúró sí.