Àká Róbótó Ò Ní Igun

Oṣù kejì Ìgbà Ìrúgbìn, ọjọ́ kìíní
Odò ò kún dáadáa lọ́dún yìí. Ọkà inú àká nìkan ló kù fún ìlú. Mo fi okùn wọn ìbú àká: igbọ̀nwọ́ mẹ́sàn-án. Ọkà tó wà lórí igbọ̀nwọ́ kan níbùú-lóòró ń tó ìlú jẹ lọ́jọ́ kan. Mo ṣírò, mo sì kéde pé yóò tó wa jẹ fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ìkórè ku ọgọ́rin ọjọ́. Ọ̀nì — bí a ṣe ń pe Usahati ọ̀gá àká nítorí eyín rẹ̀ — gbá mi léjìká: "Akọ̀wé, o káre."

Ọjọ́ kọkànlá
Tabesi ìyàwó mi gbé àwo róbótó lé ẹní onígun mẹ́rin. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ síta. Mo tẹjú mọ́ wọn.
Bí nǹkan bá rí róbótó, à á kọ́kọ́ yọ ìdá kan nínú mẹ́sàn-án kúrò nínú ìbú rẹ̀. Mẹ́sàn-án á ku mẹ́jọ: mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ ni. Èmi fi mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án! Mo ka ọkà igun fún ìlú, àká ò sì ní igun.
Ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta péré. A ti jẹ mẹ́wàá níbẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá
Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, kálukú á máa gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìpín rẹ̀. Kò ní pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n á nà mí ní àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á lé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Oyún Tabesi ti pé oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀rù ń bà mí.
Ọ̀la ni màá sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹtàlá
Ọ̀la.

Ọjọ́ kọkàndínlógún
Mo ti àwo oúnjẹ kúrò níwájú mi. Tabesi ní, "Ṣé èmi ni mo lóyún ni àbí ìwọ? Jẹun jàre."

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n
Hunero aládùúgbò wa ní kí n fi ọkà díẹ̀ kún ìpín ìyá òun tó ń ṣàìsàn, ó ṣáà pọ̀ nílẹ̀. Mo bu nínú ìpín tèmi fún un. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Oṣù kẹta, ọjọ́ kẹta
Ó ku ọkà ọjọ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Ìkórè ku ọjọ́ méjìdínláàádọ́ta. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpín ló máa kan kálukú báyìí. Mo lọ sọ fún Ọ̀nì. Ó bi mí ọjọ́ tí mo mọ̀. Mo ní àná. Kò nà mí. Ó ní èmi fúnra mi ni màá máa wọ̀n ọ́n fún wọn, lójúkojú.

Ọjọ́ kẹrin
Tabesi ló kọ́kọ́ dé. Mo wọn ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpín rẹ̀ fún un. Ó wo inú abọ́, ó wò mí.
"Ọjọ́ tí mo gbé àwo lé ẹní, tójú ẹ yí padà. Ọjọ́ yẹn lo ti mọ̀, àbí?"
Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ gbọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Hunero béèrè pé mélòó ni ì bá kan àwọn ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ṣì í ṣírò.